Ẹ Má Dá Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Dúró Nítorí Ọ̀rọ̀ Ibùsùn

Ìwé ìlàlóye fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbàtọ́jú ní Zone industrielle, Yopougon

Àwọn kan tí dókítà kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine, sertraline tàbí paroxetine fún ń dá oògùn náà dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá fi padà dé ojú fèrèsé ilé ìwòsàn wa, oorun ti dá lójú wọn, ìrẹ̀wẹ̀sì ti gorí wọn padà, ẹlòmíràn ò sì lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Tí a bá fi sùúrù bi wọ́n, ọ̀rọ̀ ibùsùn ni. Ọkùnrin á ní nǹkan òun ò dìde mọ́, tàbí pé òun á ṣe é títí, kò ní parí. Obìnrin á ní kò wu òun mọ́, tàbí pé ara òun ò mọ adùn rẹ̀ mọ́.

Oògùn náà lè fà á. Kì í ṣe èpè, ẹnikẹ́ni ò sì dè yín. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọpọlọ láti lé ìrẹ̀wẹ̀sì lọ náà ló máa ń dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, paroxetine ló sì máa ń ṣe é jù nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọtí náà ń fa irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yẹ̀ yín wò ká tó dá oògùn lẹ́bi.

Àwọn kan ń fo oògùn ní Fúráìdé àti Sátidé, kí wọ́n lè rí ti ìyàwó gbọ́. Fluoxetine máa ń pẹ́ lára ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí náà fífo ọjọ́ méjì ò yí nǹkan kan padà. Paroxetine kì í pẹ́ lára ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, òòyì lè máa kọ́ ọ, orí rẹ̀ lè máa gbọ̀n bíi pé iná mànàmáná gbé e, inú lè máa bí i, ó sì lè má rí oorun sùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nídìí ẹ̀rọ, òòyì yẹn lè gba ọwọ́ rẹ̀. Tí ara bá tiẹ̀ ti yá, oògùn ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ fún oṣù mélòó kan, dókítà ló sì máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá bá wa kí oògùn tó tán, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá tán. Ẹ má rán àbúrò. Ẹ ò ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yín lójú èrò: ẹ sáà sọ pé, "Mo fẹ́ rí dókítà lórí oògùn mi," ó tó. Ẹ mú páálí oògùn yín dání, àti ohun mìíràn tí ẹ ń mu, títí kan àgbo àti èyí tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ láti Èjìgbò. A ò ní bá yín wí. Dókítà lè ní kí ẹ fara dà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí ìṣòro náà máa ń rọlẹ̀ fún àwọn kan. Ó lè dín ìwọ̀n oògùn náà kù, ó lè fi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn bíi mirtazapine rọ́pò rẹ̀, tàbí kó kọ sildenafil, oògùn tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin dìde, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ọkàn yín wò.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bákan náà. Ẹ mú ọkọ dání tó bá ń fura sí yín. A ó bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má ra oògùn agbára lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ẹ má sì lọ rà á ní ọjà Roxy ní Adjamé. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí sildenafil bá wà nínú rẹ̀, tó sì pàdé oògùn ọkàn bíi trinitrine, ó lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kó sì pa ènìyàn. Tramadol tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè pẹ́ lórí ibùsùn àti lẹ́nu iṣẹ́ náà léwu: tó bá pàdé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ó lè fa gìrì, kí ara máa gbóná, kó máa gbọ̀n, kí ẹni náà má mọ ibi tó wà mọ́.

Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí nǹkan ọkùnrin bá dìde tí kò wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, tàbí tí ẹnìkan bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ pe SAMU ní 185 lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn.