Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Sanwó Yunifásítì fún Òṣìṣẹ́ Rẹ̀ l'Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ní ẹbí tó ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé, "Ibi iṣẹ́ mi ló ń sanwó ilé-ìwé mi." Kì í ṣe fáàrí. Ilé ìkẹ́rùsí, ilé-ìwòsàn, títí dórí ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, ọ̀pọ̀ wọn ló ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Tuition assistance ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ la ó máa pè é níbí. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ, ìdí tí ọ̀gá fi ń náwó sí i, àti ohun tí dìgírì náà lè ṣe fún ẹni tó bá gbà á.

Ọ̀dọ̀ ìjọba la ó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin owó orí Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Section 127, tó ti wà láti 1978. Ohun tí Ẹ̀ka 127 yìí sọ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá ná owó tí kò ju $5,250 lọ lọ́dún kan lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́, ìjọba ò ní ka owó náà mọ́ owó-oṣù onítọ̀hún, kò sì ní gba owó orí lórí rẹ̀. Láti 1986 ni iye yẹn ti wà lójú kan. Lọ́dún 2020, wọ́n gbà kí ilé-iṣẹ́ máa fi owó kan náà bá òṣìṣẹ́ san gbèsè tó jẹ nígbà tó wà nílé-ìwé. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2025 ló wá fìdí ìyẹn múlẹ̀ pátápátá, ó sì ní lẹ́yìn 2026 kí $5,250 yẹn máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé-ìwé òṣìṣẹ́ kan ń gba $8,000 lọ́dún, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì san gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ $5,250 kúrò, ó ku $2,750. Owó-oṣù ni ìjọba máa ka $2,750 yẹn sí. Bí onítọ̀hún bá wà lára àwọn tó ń san ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, $605 ló máa fi san owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, òfin mìíràn lè gbà á sílẹ̀. Owó orí yìí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fi í san ju $5,250 lọ.

Ọ̀nà méjì ni owó náà máa ń gbà. Nínú èyí àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ló máa fi owó ara rẹ̀ san án ṣáájú. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, á kó rísíìtì àti èsì ìdánwò lọ, ilé-iṣẹ́ á sì dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tí kò ní owó nílẹ̀ ni èyí máa ń há mọ́, torí ó lè tó oṣù mẹ́rin kí owó náà tó padà wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í sì í dá kọ́bọ̀ padà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju C lọ. Nínú ọ̀nà kejì, ilé-iṣẹ́ ló máa san án tààrà fún yunifásítì. Bí àyè bá wà láti yàn, èyí ló sàn.

Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Starbucks, tó ń ta kọfí, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú Arizona State University ní 2014. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kàwé náà. Ẹni tó bá ti ní dìgírì àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́, nítorí náà kí ẹni tó ti kàwé gboyè n'Íbàdàn tàbí n'Ífẹ̀ kó tó rìnrìn àjò fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Walmart, ilé ìtajà ńlá, bẹ̀rẹ̀ ní 2018, dọ́là kan lójúmọ́ ni òṣìṣẹ́ sì ń dá. Ní 2021 wọ́n yọ dọ́là yẹn náà kúrò.

Wàyí o, kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe é? Ẹ wo ọ̀dọ̀ télọ̀ nílé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá, tàbí kó fi ọdún sìn ín, nítorí ọjọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù, tòun ti iṣẹ́ tó kọ́ ni wọ́n jọ ń lọ. Ohun tí Gary Becker, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, sọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1964 kò jìnnà sí èyí: ìmọ̀ tó bá wúlò níbi gbogbo, ẹni tó ń kọ́ ọ ló yẹ kó ru ẹrù rẹ̀. Dìgírì sì rèé, ibi gbogbo ló ti wúlò.

Kí ló wá dé tí ilé-iṣẹ́ fi ń ru ẹrù yẹn? Ìdáhùn kan wà ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Níbẹ̀ ni UPS, ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́, ti ń to ẹrù tí wọ́n máa fi ọkọ̀ òfurufú gbé lóru, kó lè dé ọwọ́ oníbàárà nílẹ̀ ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ òru kì í bá èèyàn lára mu, àwọn òṣìṣẹ́ kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ní 1998, UPS, ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti àwọn ilé-ìwé gíga ìlú náà dá Metropolitan College sílẹ̀: ẹ wá to ẹrù lóru, a ó gbọ́ bùkátà ilé-ìwé yín. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèǹgbè. Ilé-iṣẹ́ rí òṣìṣẹ́ òru, ọmọ ilé-ìwé sì rí ẹni bá a sanwó.

Peter Cappelli ti University of Pennsylvania ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004. Ó rí i pé ètò yìí máa ń fa òṣìṣẹ́ tó já fáfá wá, wọn kì í sì í tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ kó tún máa kàwé kì í ṣe ọ̀lẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ilé-ìwé rẹ̀ ò bá tíì parí, kò ní fẹ́ lọ síbòmíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tiẹ̀ ń mú kó tọwọ́ bọ̀wé pé bí òun bá lọ kó tó pé ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn tí wọ́n sanwó, òun á dá a padà.

Kí wá ni dìgírì náà tó fún ẹni tó gbà á? Àjọ tó ń ka iye òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà gbé iye kan jáde fún ọdún 2023. Ká ní wọ́n to gbogbo àwọn tó ní dìgírì àkọ́kọ́ bí owó wọn ṣe pọ̀ sí, ẹni tó bọ́ sí àárín ń gba $1,493 lọ́sẹ̀. Láàárín àwọn tó dúró sí ilé-ìwé girama, $899 ni. Ìyàtọ̀ $594 lọ́sẹ̀ kúrò ní kékeré.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ni ìmọ̀ inú kíláàsì mú wá. Ní 1973, Michael Spence, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣàlàyé pé agbanisíṣẹ́ lè ka dìgírì sí àmì: ẹni tó lè fara dà á dé òpin á lè fara da iṣẹ́. Tí ó bá jẹ́ àmì lásán ni ibi iṣẹ́ kan ń wá, ó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò wá a mọ́. Ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń gbé, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022: wọ́n yọ dìgírì kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ẹni tí kò bá kàwé rẹ̀ kó sì yege ìdánwò NCLEX kò ní rí ìwé àṣẹ gbà, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ò lè bá yín san ni àkókò. Dìgírì àkọ́kọ́ sábà máa ń gba 120 kírẹ́díìtì. Kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ 3, nítorí náà kọ́ọ̀sì 40 ni. Bí ẹ bá ń ṣe méjì ní sáà kan, sáà méjì lọ́dún, ọdún 10 rèé. Kọ́ọ̀sì kan sì lè gba bíi wákàtí 9 lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá ka kíláàsì àti iṣẹ́ àṣetiléwá pọ̀. Méjì á gba 18, lórí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àti ìtọ́jú ọmọ. Bí ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ bá tiẹ̀ san gbogbo owó náà, ẹ ṣì ń fi ọdún ayé yín san tiyín. Nítorí náà, ẹ má ṣe yan ẹ̀kọ́ kan kìkì nítorí pé ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ wo ìwé tí àwọn tó ń gbani síbẹ̀ ń béèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sanwó, máàkì wo lẹ gbọ́dọ̀ gbà, ilé-ìwé wo ni wọ́n fọwọ́ sí, àti ọdún mélòó lẹ gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ àwọn ló dá yín dúró láàárín sáà. Ẹ wádìí lọ́wọ́ ilé-ìwé náà bóyá ó ní ìfọwọ́sí, tí ilé-ìwé mìíràn fi máa gba kírẹ́díìtì rẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ. Kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn wọn sórí ìwé, kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀.