Ọfà Tí Ń Gbé Iye Lọ Sínú Orúkọ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àdúgbò kan wà ní Attécoubé, ní ìlú Abidjan níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò. Boribana ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jùlá ni pé eré sísá ti parí. Ní ọdún 2024, àwọn aláṣẹ wó ilé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di aláìnílé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ iye ìdílé a máa di ẹ̀rí pàtàkì. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí R, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣirò ń lò, ti ń tọ́jú iye.

Ross Ihaka àti Robert Gentleman ni ó dá R sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand. Inú èdè S, tí John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976, ni wọ́n ti mú àmì ọfà. Bí ìdílé 40 bá wà ní òpópónà kan, a ó kọ ọ́ báyìí:

idile <- 40

Èyí ni pé: gbé 40 sínú orúkọ tí í jẹ́ idile. Bí a bá tún rí ìdílé kan, a ó kọ:

idile <- idile + 1

Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ ṣe ìṣirò apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni yóò fi 41 rọ́pò 40. Bí a bá fi = kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè bí 40 ṣe dọ́gba pẹ̀lú 41. Láti ọdún 2001 ni R ti gba = náà fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọfà ni ó fi ọ̀nà hàn kedere. Bí a bá fẹ́ bèèrè bóyá ohun méjì dọ́gba, == ni a ń kọ.

Ewu méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Èkínní ni àlàfo. Ká ní iyato ni orúkọ tí a kó àyípadà iye ìdílé gbogbo òpópónà sí. A fẹ́ mọ ibi tí iye ti fi ju 5 lọ dínkù:

iyato < -5

Bí a bá so ó pọ̀, iyato<-5, ó ti di ọfà. Gbogbo àkójọ náà yóò lọ, 5 nìkan ni yóò kù, R kò sì ní kìlọ̀ fún wa.

Èkejì ni <<-. Bí a bá kọ idile <- 50 sínú fọ́ńkíṣọ̀n, èyíinì ni àkójọ àṣẹ tí a fún ní orúkọ kan, inú rẹ̀ ni ó mọ; idile ti ìta ṣì jẹ́ 41. Ṣùgbọ́n idile <<- 50 yóò jáde lọ yí ti ìta padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti máa fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọfà, kí wọ́n má máa lo <<- láìnídìí, kí wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́tọ̀. Nọ́ńbà kan tí ó sọnù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìdílé kan tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí.