Bí A Ṣe Lè Ra Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Láìkábàámọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní òní jẹ mọ́ ọjà rírà. Kì í ṣe ọjà iṣu tàbí ọjà aṣọ, bí kò ṣe ọjà fóònù, ọjà kọ̀ǹpútà, àti ti àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe iṣẹ́. A yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ṣe ohun afẹ́ mọ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí a fi sọ orí Tai Solarin ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ń fi wọ́n kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń fi wọ́n ṣe ìṣirò máàkì. Owó tí a fi ń rà wọ́n lè jẹ́ owó oṣù mélòó kan fún olùkọ́, tàbí èsúsú tí ìyá kan fi odindi ọdún dá. Bí ẹ̀rọ bá wá dákẹ́ ní oṣù kejì, kì í ṣe owó nìkan ni ó lọ. Iṣẹ́ tí a ti kọ sínú rẹ̀ lè bá a lọ.

Ìnira náà pọ̀ sí i láti ọdún 2023. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà. Dọ́là kan, tí ilé ìfowópamọ́ ń ṣẹ́ ní nǹkan bí náírà 460 ṣáájú ìgbà náà, ti kọjá náírà 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Nígbà tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń wá, iye wọn fò sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yíjú sí tòkunbọ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìtumọ̀ orúkọ yìí. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wálé ni a ń sọ ní Tòkunbọ̀, kí mọ́tò àti fóònù tó bá ọmọ pín orúkọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà: ọmọ Tòkunbọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní tuntun, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti sin ẹlòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìmọ̀ràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ìmọ̀ràn ni ó ń darí ẹsẹ̀ oníbàárà. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gba ni nímọ̀ràn ni ó ń fún ni ní ọgbọ́n. A kò tí ì rí ẹlẹ́kọ tí yóò kiri kí ó máa polówó pé ẹ̀kọ òun ti kan. Nítorí náà, kí a tó gba ìmọ̀ràn ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa: bí mo bá ra ohun yìí, kí ni yóò kan ẹni tí ó ní kí n rà á? Ọmọ ìsọ̀ lè máa gba owó díẹ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà. Ẹni tí ń yẹ fóònù wò fún aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ fún ní fóònù náà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ẹni tí ń gba ìdá díẹ̀ nínú owó tí àwọn olùwòran rẹ̀ bá ná. Èyí kò sọ ọ́ di òpùrọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n kí a tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé orí ìwọ̀n.

Àwọn ará òkè òkun ti ronú lórí ọ̀ràn yìí tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà tí ń tẹ ìwé ìròyìn Consumer Reports bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1936. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ń tẹ Which? bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo ni pé owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ọjà tí wọ́n ń dán wò. Ní ọdún 2024 pàápàá, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde láti fi òfin de àwọn tí ń ra ẹ̀rí irọ́ nípa ọjà, àti àwọn tí ń tà á. Èyí fi yé wa pé ìràwọ̀ márùn-ún tí a rí lábẹ́ àwòrán ọjà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ó lo ọjà náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé a kò ní irú rẹ̀ nílé. Ní Ìjẹ̀bú, a ní ẹgbẹ́ régbérégbé tí ó kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra jọ, àwọn olùkọ́ sì ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí olùkọ́ mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kan bá ra irú kọ̀ǹpútà kan náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀rí wọn ju ti ẹgbẹ̀rún àlejò lọ, nítorí pé wọn kò jèrè kankan bí a bá rà á, ojú wọn ni yóò sì tì bí wọ́n bá ṣì wá lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí a mọ bí a óò ṣe bi wọ́n. Kí a má ṣe béèrè pé, ‘Ṣé ó dára?’ Ẹni tí ó ti ná owó rẹ̀ kì í fẹ́ dáhùn pé kò dára. Kí a béèrè pé: Ó ti pé ìgbà wo tí ẹ ti ń lò ó? Kí ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́? Níbo ni ẹ ti tún un ṣe, èló sì ni wọ́n gbà?

Ohun kejì ni iye owó. Iye tí ontajà fi ẹnu pè kọ́ ni gbogbo ohun tí ọjà yóò ná wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde ni í wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, nítorí pé ọjà pọ̀ níbẹ̀ ju ti ilé lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ro owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọn, kí a sì ro ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ní àbùkù, a óò tún padà lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ní ìsọ̀ ní ìtòsí wa, tí a mọ ilé rẹ̀, tí ó sì pe ọjà tirẹ̀ ní iye tí ó fi díẹ̀ ga, ni ọjà rẹ̀ pọ́ọ́kú jù lọ. Bákan náà, ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì a máa kéde pé àwọn ti gé iye ọjà sí ìdajì. Kí a ti kọ iye ọjà tí a fẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Nígbà náà ni a óò mọ̀ bóyá wọ́n gé e lóòótọ́, tàbí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ohun kẹta ni yíyẹ ọjà wò. Ní ayé ìjọba amúnisìn, owó ayédèrú tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá débi pé àwọn ènìyàn ń so orúkọ Ìjẹ̀bú mọ́ ọn. Orúkọ náà kò dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kò tìtorí rẹ̀ kọ owó sílẹ̀. Ojú ni wọ́n là sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù. Bí a bá tẹ *#06# sórí rẹ̀, yóò gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó ní òǹkà 15 jáde. Kí a wò ó bóyá ó bá èyí tí ó wà lára páálí mu, kí a sì ní kí ontajà kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé fóònù tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lè jẹ́ èyí tí a jí, ẹni tí a bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ròjọ́. Kí a fi káàdì tiwa sínú rẹ̀, kí a pe ènìyàn, nítorí pé ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti ti àwọn mìíràn pa mọ́ ara wọn. Kí ontajà pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú wa. Bí ó bá tún ń béèrè ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, kí a fi í sílẹ̀. Ní ti iPhone, ó ní ibi tí ó ti ń sọ agbára tí ó kù nínú bátìrì. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100 lọ, kí a fi owó bátìrì tuntun kún iye tí a óò san.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ètò inú kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Èyí kan tòkunbọ̀ gidigidi. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ Intel rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 2017. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ó mọ́ lára, tí ó sì pọ́ọ́kú, lè jẹ́ èyí tí a kò ní ibi tí a óò gbé e dé mọ́. Kí a béèrè ìran ọpọlọ rẹ̀ kí a tó dúnàádúrà. Bí irú rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ wa, Linux, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ṣì lè mú un ṣiṣẹ́, a kì í sì í fi owó rà á. Bákan náà ni LibreOffice, tí a fi ń kọ ìwé tí a sì fi ń ṣe ìṣirò, ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún àwa tí ń kọ èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, àwọn tí ó dá YorubaName sílẹ̀ ti gbé ètò ìtẹ̀wé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò tí a jí dà kọ tí àwọn kan ń fi sínú kọ̀ǹpútà fún owó táṣẹ́rẹ́ kò pọ́ọ́kú rárá. Ibẹ̀ ni kòkòrò tí ń ba ìwé jẹ́ ti máa ń wọlé.

Ní ayé àtijọ́, àwọn Pàràkòyí ni ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà. Lónìí, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, ni òfin ọdún 2018 gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Òfin náà ní kí ẹni tí ń ta ohun àlòkù sọ ọ́ kedere pé àlòkù ni, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà nígbà tí ìdí tí ó tọ́ bá wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba rìsíìtì ni yóò nira fún láti fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé àkọsílẹ̀ kan péré ni ó kù kí a ní. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹ̀rọ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá rà sílẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ tí ó rà á, àti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ní ọdún mẹ́ta péré, ìmọ̀ràn tí kò ní èrè ẹnikẹ́ni nínú yóò wà lọ́wọ́ wa, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ yóò sì rí ibi kan béèrè kí ó tó tú àpò rẹ̀. Kí ajé ó wá wa wá o.