Kí Òjò Ńlá Tó Dé: Ìsinmi Ọdún Àjíǹde Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ ní Abidjan

Abidjan kò ní ìgbà ìrúwé bíi ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ìsinmi ọdún Àjíǹde ni tiwọn. Tó bá fi máa di oṣù Karùn-ún, òjò ńlá á ti bẹ̀rẹ̀, ti oṣù Kẹfà ló sì máa ń le jù. Òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ jáde, kó tètè múra.

Òfin tí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ṣe ní 2015 sọ pé ọmọ ọdún 6 sí 16 gbọ́dọ̀ máa lọ sílé ìwé. Torí náà, ẹ̀kọ́ tí òbí ń kọ́ ọmọ nílé kò gba ipò ilé ìwé, ṣe ló ń kún un. Fún àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Faransé lọmọ ń kọ́ ní kíláàsì, Júlà ló ń gbọ́ lọ́jà. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ìyá àgbà l'Éjìgbò, tí ẹnu rẹ̀ kò ju “ẹ kúulé” lọ, ta ni ká dá lẹ́bi?

Inú ilé ìdáná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló bí gaàrí, òun náà ló bí attiéké. Ẹ ó bó o, ẹ ó rin ín, ẹ ó fún omi rẹ̀ dànù, ẹ ó jọ̀ ọ́. Ti attiéké, wọ́n máa ń po ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tó ti kan mọ́ ọn kí wọ́n tó fún un. Ibi iná ni wọ́n ti pínyà: a ń yan gaàrí nínú agbada, àmọ́ ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń se attiéké. Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe attiéké kún àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe é: bó, rin, fún, jọ̀. Kí oúnjẹ tó jinná, ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin ti wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè lọ sí igbó Banco. Ọgbà ìjọba ni láti 1953, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 3,438, àárín ìlú gan-an ló sì wà, Yopougon lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Abobo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Òjò tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mu wà lára ohun tó ń fi kún omi abẹ́ ilẹ̀ tí ará Abidjan ń mu. Ọmọ tó dàgbà sáàárín kọnkéré á fọwọ́ kan ìtàkùn àti gbòǹgbò níbẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ o.

Odidi ọjọ́ kan ló tọ́ sí Grand-Bassam, tó tó nǹkan bí 40 kìlómítà sí Abidjan. Ibẹ̀ ni olú ìlú wà láti 1893. Ní 1899, ibà apọ́njú jà níbẹ̀, ó pa èèyàn rẹpẹtẹ, ìjọba bá kó lọ sí Bingerville ní 1900. Ó di Abidjan ní 1934, Yamoussoukro wá gbà á ní 1983. Àwọn ilé àtijọ́ náà ṣì wà, UNESCO sì kà wọ́n sí ogún àgbáyé ní 2012. Ẹ bi ọmọ pé ta ló lé ìjọba kúrò ní Bassam. Ẹ̀fọn ni! Omi tó dúró sójú kan, nínú ìkòkò tàbí nínú táyà, ló ń yé sí. Bí ẹ bá délé, kí ọmọ yẹn kan náà da gbogbo omi tó dúró sínú ike lẹ́yìn ilé nù, torí òjò ti sún mọ́lé.

Ní ti òkun Bassam, kí ẹ kàn wò ó ló dáa jù. Ìgbì rẹ̀ le, ó sì máa ń fa èèyàn wọlé. Kí àwọn ọmọ fi iyanrìn ṣeré, kí àgbàlagbà kan má sì gbójú kúrò lára wọn.

Tó bá dalẹ́, ẹ gbé fóònù fún ọmọ kó fi WhatsApp rán ohùn sí ìyá àgbà l'Éjìgbò, kó ròyìn ohun tó rí. Bó bá ki Faransé bọ̀ ọ́, ẹ má bá a jà. Ìyá àgbà á béèrè ohun tó túmọ̀ sí, ọmọ á sì tún un sọ.