Ọmọ ajá kékeré nínú ilé tó ṣófo

Ní Sàǹgó Ọ̀tà, ilé púpọ̀ ló ti máa ń ṣófo kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ẹni tó wà ní ṣíìfù àárọ̀ ní láti ti dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ní aago 7, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní jáde títí di aago 7 alẹ́. Tí a bá ka sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọn, ó lè tó wákàtí 14 kí ẹnikẹ́ni tó tún ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni olè máa ń fojú sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra ajá. Kékeré ni wọ́n sì sábà ń rà á, nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti àgbà, àti nítorí pé ajá tí a bá fọwọ́ ara wa tọ́ ló máa ń mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò tíì lè ṣọ́ ilé kankan. Òun gan-an ló nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ.

Bí irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ bá kú nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé aládùúgbò kan ló fún un ní májèlé jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n wákàtí nìkan náà tó láti pa á, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ju ibi tí ara rẹ̀ lè gbé e dé lọ. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ àpótí tàbí okùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ àti iṣan ń lò láti ní agbára. Àgbà ajá ní ẹran ara àti ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, tó fi jẹ́ pé bí kò bá jẹun láti àárọ̀ di alẹ́, ebi lásán ló máa pa á. Ọmọ ajá dà bí fìtílà tí wọ́n bu epo díẹ̀ sí: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kéré, ọ̀rá ara rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń lo ṣúgà láìdúró. Bí oúnjẹ bá ti pẹ́ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó bá ń rìn, ara rẹ̀ á tutù, á sì máa sùn láìfẹ́ jí. Bó bá pẹ́ sí i, gìrì á mú un. Àwọn irú ajá onírun tí kì í tóbi, bíi Lhasa, ni èyí máa ń tètè ṣe jù lọ.

Bí ẹ bá wọlé tí ẹ bá a báyìí, ẹ fi ìka pa oyin tàbí omi ṣúgà mọ́ ọn ní èrìgì. Ẹ má ṣe dà á sí i lọ́fun o, nítorí bí kò bá lè gbé e mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ wé e kí ara rẹ̀ lè móoru, kí ẹ fún un lóúnjẹ díẹ̀ nígbà tó bá ti lè gbé orí sókè, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.

Orí ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni ìṣirò wákàtí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ń mu ọmú ìyá rẹ̀ léraléra, tọ̀sán tòru. Kò sí ọ̀nà kankan tí èèyàn lè gbà fi irú rẹ̀ sílé lọ síbi iṣẹ́. Ojú ọmọ ajá máa ń là láàárín ọjọ́ 10 sí 14, nítorí náà bí ẹni tó ń ta ajá lẹ́bàá títì bá ní kí ẹ má mikàn, pé ó ti lajú, ìyẹn kò fi hàn pé ó ti tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láti ìgbà náà títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, ó yẹ kó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ọmọ oṣù méjì lè mú ìtọ̀ mọ́ra fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ọmọ oṣù mẹ́ta fún nǹkan bíi mẹ́rin. Wákàtí 14 kò bá ìṣirò yìí mu rárá.

Èrò mi ni pé ẹni tó ń dá gbé, tó sì wà ní ṣíìfù wákàtí 12, kò gbọdọ̀ ra ọmọ ajá tó kéré bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti rí ẹni tí yóò máa yà wò ó láàárín ọ̀sán. Àǹfààní ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ nìyẹn: ó ṣòro kí gbogbo yàrá ṣófo pa pọ̀. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń tajà níwájú ilé, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tó wà ní ṣíìfù alẹ́ tó ń sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kó wọlé: kó bu oúnjẹ, kó pààrọ̀ omi àti bébà tó ti tutù, kó sì wò ó bóyá ara rẹ̀ yá. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ẹ tó gbé ajá wọlé, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú. Oúnjẹ tí ẹ máa fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ní egungun adìyẹ tàbí ẹja, nítorí ó lè há a lọ́fun nígbà tí kò sẹ́ni tó máa rí i. Mílíìkì inú agolo kò sì lè rọ́pò oúnjẹ. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà fún ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn á sì tètè gbẹ omi ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ooru náà ṣe pàtàkì níbí. Ajá kì í làágùn bí èèyàn; mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ni ọ̀nà tó fi ń mú kí ara rẹ̀ tutù. Nínú yàrá tí páànù bò láìsí sílìn, tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí olè, bí iná bá lọ tí fáànù sì dúró ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, atẹ́gùn inú ibẹ̀ lè gbóná débi pé mímí náà kò ní ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ẹ fi ibùsùn rẹ̀ sí ibi tí oòrùn kì í tàn dé láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹ sì ṣí fèrèsé onínẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òtútù ìdájí ló ń dà á láàmú. Àwọn kan máa ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò oníke, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á gbé e tì í. Ó dáa bí ẹnìkan bá wà nílé. Bí kò bá sí, ìgò náà á tutù láàárín wákàtí díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru kúrò lára ọmọ ajá tó sùn tì í. Aṣọ gbígbẹ tó nípọn ló sàn jù, kó wà ní apá kan ibùsùn, kí apá kejì wà lásán, kó lè fúnra rẹ̀ yan ibi tó bá a lára mu.

Ibo wá ni ká fi í sí? Ẹ má ṣe so ó. Ọmọ ajá tí wọ́n fi okùn tàbí ṣéènì so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì lè yí po títí okùn á fi fún un lọ́rùn. Ẹ tún bọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó jáde, nítorí ó lè kọ́ mọ́ ìṣó. Àpótí ńlá tí kò ní ìdérí, tó ga ju ibi tó lè gùn lọ, ló dára jù. Ní agbègbè ilé iṣẹ́ bíi tiwa, pákó pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń to ẹrù máa ń wà fún títà, káfíńtà kankan sì lè fi kan irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, tó jáde ní 2002, ló ní kí pálẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní òǹtẹ̀ tó ń fi bí wọ́n ṣe pa kòkòrò inú igi náà hàn. HT dúró fún ooru gbígbóná. MB dúró fún gáàsì methyl bromide, májèlé sì ni gáàsì náà. Ọmọ ajá tí eyín ń yún máa ń rún pákó, nítorí náà HT ni kí ẹ mú. Kódà bó jẹ́ HT, bí epo tàbí kẹ́míkà kan bá ti dà sí i lára, ẹ fi í sílẹ̀. Kí káfíńtà lu gbogbo ìṣó wọlé, kí àlàfo àárín pákó sì kéré débi pé orí ajá kò lè gbà á kọjá, nítorí orí tó bá ti há kì í rọrùn láti fà yọ.

Nínú àpótí náà, ẹ tẹ́ bébà ìwé ìròyìn sí apá tí kò sí aṣọ, ibẹ̀ ni yóò máa tọ̀ sí. Abọ́ omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn, kó sì wúwo kó má lè dojú dé. Ní ìyókù yàrá, ẹ dé gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, bó ti wù kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé àpótí tó, nítorí ọjọ́ kan ni yóò rí ọ̀nà jáde, ọmọ ajá kékeré sì lè rì sínú omi tí kò ju ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ yọ ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kúrò lára iná, kí ẹ gbé wáyà rẹ̀ sókè. Ẹ má sì gbé àpótí náà sí ẹ̀yìnkùlé tàbí kọ́rídọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni ti ń ṣiṣẹ́. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, a kì í sì í rí i. Bó ṣe ń pa èèyàn nínú yàrá tí a tì pa, bẹ́ẹ̀ ló ń pa ajá.

Májèlé wá ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sọ, nítorí àwa fúnra wa la sábà ń gbé e wọlé. Ọ̀tápíápíá àti Sniper wà ní ọ̀pọ̀ ilé, dichlorvos sì ni oògùn tó wà nínú Sniper. Ní 2019, NAFDAC ka títa ìgò kékeré Sniper léèwọ̀ ní ọjà gbangba àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fọ́n ọn sí yàrá lóru nítorí aáyán, tó sì fi ọmọ ajá síbẹ̀ láàárọ̀, ti fi í sórí májèlé. Ilẹ̀ ni ikùn àti ẹsẹ̀ ajá máa ń wà, á máa lá ẹsẹ̀ rẹ̀, oògùn náà sì ń gba awọ ara wọlé pẹ̀lú. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó ń fi Sniper wẹ ajá nítorí eégbọn, tàbí tí wọ́n ń fi epo ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì dànù pa á lára nítorí èkúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn dókítà ẹranko ní oògùn eégbọn tí wọ́n ń wọn ní ìwọ̀n bí ajá bá ṣe wúwo sí.

Àmì dichlorvos ni itọ́ tó ń dà ṣáá, omi ojú, èébì, ìgbọ̀nrìrì, àti èémí tó ń há. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á rọ epo pupa sí ajá náà lẹ́nu. Epo kò pa agbára májèlé yìí. Bó bá sì gba ọ̀nà òfún wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹranko tó ń gbọ̀n, ó lè pa á fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ara ló ti kàn án, kí ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ọwọ́ tiyín, kí ẹ sì sáré gbé e pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹni tó ní abẹ́rẹ́ atropine. Oògùn eku kò gbọdọ̀ sí níbi tí ajá lè dé. Eku pàápàá lè gbé e kiri inú yàrá. Ẹ ṣọ́ra fún omi rédíétọ̀ ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní kúláǹtì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ethylene glycol, ó ń dùn lẹ́nu, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti ba kíndìnrín ọmọ ajá jẹ́. Ilé tó fẹ̀yìn ti ọgbà mẹkáníìkì ní láti dí gbogbo ihò ẹsẹ̀ ògiri.

Ní ìgbà òjò, ìjàlọ lè wọlé, wọ́n sì lè bo ọmọ ẹranko tí kò rí ibi sá gbà mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa ń lò fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ṣì wúlò: kí àpótí ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sínú agolo omi. Kí ó má jẹ́ kẹrosíìnì. Ẹ tún máa lọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, nítorí irú eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sórí aṣọ tútù àti yanrìn tí ìtọ̀ wà nínú rẹ̀, ìdin rẹ̀ á sì wọ abẹ́ awọ ajá.

Àrùn parvo ni ìdí tó fi yẹ kí bàtà ìta dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, kò sì pẹ́ tó fi tàn ká ayé. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àtẹ́lẹsẹ̀ wa sì lè gbé e láti títì wọlé. Èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń fà lè gbẹ omi ara ọmọ ajá láàárín ṣíìfù kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gún títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi sábà máa ń wáyé ní oṣù mẹ́ta. Ilẹ̀ tí ajá aláìsàn ti gbé rí, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ wá da bílíìṣì sí i, ife kan sí ife omi 20, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣan án nù. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB, wà ní Abẹ́òkúta fún ọ̀ràn tó bá le, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn fún ẹranko tó ń kú lọ. Ẹ wá dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín ní Ọ̀tà kí ẹ tó ra ajá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹni tó ń yà wò ó lọ́sàn-án.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹkún. Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ á ké, àwọn ará ilé á sì bínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi: ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kó ṣeré kó rẹ̀ ẹ́, kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ padà wọlé nígbà tó bá dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́wàá, kí ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n. Oorun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀, ó lè tó wákàtí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà bí inú rẹ̀ bá ti yó tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, oorun ni yóò sùn. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́rin, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé, tó sì ti ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lè yọ àpótí kúrò, kí ẹ fi gbogbo yàrá sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń yà wò ó ṣì gbọ́dọ̀ máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án títí yóò fi tó bí oṣù mẹ́fà.