Èéfín Ọkọ̀ àti Oòrùn: Ìwádìí Arie Haagen-Smit Lórí Afẹ́fẹ́ Ìlú Los Angeles

Ìfáàrà

Yorùbá gbà pé èéfín ni ìwà. Bó ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, yóò rú jáde. Ohun tó fara sin sínú òwe yìí ni pé ojú lásán tó láti rí èéfín. Tó bá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń tú jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà ni ojú kò lè rí, ewu ńlá sì wà nínú rẹ̀. Lára àwọn tó fi ìdí èyí múlẹ̀, ipò iwájú ni Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, wà. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ìwádìí rẹ̀, ọ̀nà tó gbà ṣe é, àtakò tó bá pàdé, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ tó ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìlú Los Angeles kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀

Los Angeles wà ní ìpínlẹ̀ California, ní etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Òkè yí i ká lẹ́yìn, oòrùn sì ń ràn níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọdún. Afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun máa ń wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá rú sínú afẹ́fẹ́ ìlú náà kì í tètè rí ọ̀nà àbáyọ.

Ní oṣù Keje ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, nǹkan kan bo ìlú náà. Ó ń ta àwọn ènìyàn lójú, ó ń há wọn lọ́fun, kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀ọ́kán. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé àwọn ará Japan ni wọ́n fi májèlé bá àwọn jà. Nígbà tó yá, wọ́n nàka sí ilé-iṣẹ́ kan láàárín ìlú tó ń ṣe èròjà rọ́bà àtọwọ́dá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyọnu náà kò lọ. Ní 1947, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó afẹ́fẹ́ àgbègbè náà. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ìfọpo ni àjọ náà kọ́kọ́ dojú kọ. Síbẹ̀, ojú kò yé ta àwọn ará ìlú.

Orúkọ tí wọ́n fún ìyọnu náà wà lára ohun tó ṣì wọ́n lọ́nà. Smog ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi èéfín àti kùrukùru lẹ̀ pọ̀ ṣẹ̀dá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. London ni orúkọ náà bá mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú dàpọ̀ mọ́ kùrukùru ìgbà òtútù níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ti Los Angeles yàtọ̀ sí èyí: ìgbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín ni ó máa ń le jù. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi pe àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà tí Haagen-Smit gbà ṣe ìwádìí rẹ̀

Ìlú Utrecht ni wọ́n ti bí Haagen-Smit ní 1900. Ní 1937, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California Institute of Technology ní Pasadena, nítòsí Los Angeles. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti wádìí ohun tó ń fún ewéko àti èso ní òórùn àti adùn, bí àlùbọ́sà, aáyù àti ọ̀pẹ-òyìnbó. Òórùn ọ̀pẹ-òyìnbó ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní ìparí àwọn ọdún 1940 nígbà tí wọ́n ní kó bá àwọn yẹ afẹ́fẹ́ ìlú wò.

Ọgbọ́n tó fi ń kó òórùn èso jọ náà ni ó lò. Ó fa afẹ́fẹ́ ìta gba inú ohun-èlò tó tutù nini, títí èròjà inú rẹ̀ fi di omi. Ìwọ̀nba ẹ̀kán omi díẹ̀ ni ó rí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń rùn. Nígbà tó tú u palẹ̀, ó bá ooru epo bẹntiróòlù tí ọ́síjìn ti yí padà níbẹ̀.

Kò dúró síbẹ̀. Ó da ooru bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ èròjà náítírójìn tó ń jáde láti inú ọkọ̀, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Òórùn tó ń gba ìgboro Los Angeles ni ó jáde. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé sínú afẹ́fẹ́ náà bàjẹ́ bí ewé oko àwọn àgbẹ̀ àgbègbè náà ṣe ń bàjẹ́. Rọ́bà tí wọ́n tẹ̀ kò sínú rẹ̀ sì sán, gẹ́gẹ́ bí táyà àwọn ará ìlú náà ṣe máa ń tètè sán. Nípa kíka ìṣẹ́jú tó gba rọ́bà kó tó sán, ó mọ bí májèlé inú afẹ́fẹ́ ti pọ̀ tó. Ní 1952, ó tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde.

Bí oòrùn ṣe ń sọ èéfín di májèlé

Inú ẹ́ńjìnnì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ fi ń so pọ̀. Èròjà tí wọ́n dì yìí ń bá èéfín jáde pẹ̀lú ooru epo tí kò jó tán. Bí oòrùn bá ràn sí èròjà náítírójìn náà, átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan yóò já kúrò lára rẹ̀. Ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí sínú jẹ́ átọ́ọ̀mù méjì tó so pọ̀. Bí ẹ̀kẹta yìí bá lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n di òsóònù. Lọ́nà kan, èròjà náítírójìn tó ṣẹ́kù ìbá tún òsóònù náà jẹ padà. Ṣùgbọ́n ooru epo máa ń da ìgbésẹ̀ yìí rú, òsóònù a sì máa gbára jọ.

Òsóònù kan náà tó wà lókè réré ń dáàbò bo ilé ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Nílẹ̀ níhìn-ín, ńṣe ni ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ibi tí nǹkan wà ló ń sọ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá.

Àtakò

Àwọn ilé-iṣẹ́ epo kò gba àbájáde yìí wọlé. Wọ́n náwó fún ìwádìí ní Stanford Research Institute, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sì ta ko Haagen-Smit. Nígbà náà, ó ti padà sídìí iṣẹ́ ewéko rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀ ni inú bí i, tó sì tún gbé ìwádìí náà dìde.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ epo nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ta bá. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nìkan ló jẹ̀bi, ó rọrùn fún ará ìlú láti nàka. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wà níwájú ilé gbogbo wọn. Kí wọ́n tó mọ̀ pé kìjìpá kì í ṣe awọ, ọdún gorí ọdún.

Ohun tí ìwádìí náà yọrí sí

Ní 1966, California bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ohun tó ń jáde láti sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tuntun. Òfin ọdún 1967 dá California Air Resources Board sílẹ̀, Haagen-Smit sì ni alága àkọ́kọ́ rẹ̀ títí di 1973. Lẹ́yìn òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1970, púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 1975 ní Amẹ́ríkà ní ohun-èlò tó ń fọ èéfín, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní katalísì. Òjé inú epo máa ń ba katalísì jẹ́, nítorí náà epo tí kò ní òjé di dandan fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Haagen-Smit kú ní 1977. Láti ìgbà ayé rẹ̀, ọkọ̀ ti pọ̀ sí i gan-an ní Los Angeles, òsóònù ibẹ̀ sì ti dín kù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro náà kò tíì tán.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń rìn níbẹ̀. Katalísì àwọn mìíràn ti kú, wọ́n sì ti yọ ti àwọn mìíràn tà. Sàlẹ́ńsà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má rú èéfín dúdú rárá, síbẹ̀ kí ó máa tú èròjà òsóònù sínú oòrùn.

Ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó ń lò. Bí ó bá ń pe gbogbo rẹ̀ ní èéfín, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé níbi tí kò bá ti sí èéfín, kò sí ewu. Irú èrò yìí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí yàrá sùn, tí kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn sì ń pa wọ́n. Ó dára kí olùkọ́ ya èéfín tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ olóró tí ojú kò rí, kí ó sì ya èyí tó jáde tààrà láti inú ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí oòrùn ṣẹ̀dá lẹ́yìn náà.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ẹni tó ń wádìí òórùn èso ni ó tú àṣírí afẹ́fẹ́ Los Angeles. Ó fi hàn pẹ̀lú pé orúkọ tí kò bá nǹkan mu lè fi ìwòsàn falẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.