Ọtí Àjàrà Funfun Láti Gúúsù àti Oúnjẹ Ilé Wa



Lẹ́yìn Mísà ìgbéyàwó kan ní Kùtọnu níhìn-ín, a bá àwọn ẹbí lọ sí ibi àsè. Bàbá ìyàwó ti yá owó ra àpótí ọtí àjàrà funfun kan tí à ń pè ní Chardonnay, kí ó lè fi dá àwọn àna rẹ̀ lọ́lá. Ṣùgbọ́n abẹ́ oòrùn ni wọ́n kó ìgò náà sí láti òwúrọ̀, ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ń jó ahọ́n ni wọ́n sì gbé tì í. Àwọn àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro, wọ́n gbé ife sílẹ̀. Ẹmu tán, Chardonnay kù, gbèsè náà sì kù. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ èso àjàrà ni Chardonnay. Bourgogne ní ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá, abúlé kan níbẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ náà. Ní 1999, àwọn onímọ̀ wádìí ìran rẹ̀, wọ́n rí i pé ọmọ àjàrà méjì ni: Pinot, tí àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn, àti Gouais blanc, tí àwọn tálákà ń gbìn. Ọmọ tálákà wá di àyànfẹ́ ayé!

Gúúsù méjì ni a ó mẹ́nu bà. Ní gúúsù Faransé, ní Languedoc, oòrùn mú, èso ń gbó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgò ibẹ̀ ni a kọ Pays d'Oc sí lára. Ní Limoux, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀, òfin ní inú àgbá igi óákù ni ọtí funfun náà gbọ́dọ̀ ti ho. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1659 ni a kọ́kọ́ fún ọtí àjàrà ní Cape. Lónìí, ilẹ̀ ẹfun Robertson ń bá Chardonnay mu.

Kí ni a ó fi jẹ? Èyí tí kò wọ àgbá fúyẹ́ lẹ́nu: ẹ fi í jẹ ẹja yíyan láti adágún Nokoué, tàbí edé tí a fi òróǹbó díẹ̀ sí. Èyí tí ó ti inú àgbá jáde wúwo jù: adìẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà tí ata rẹ̀ kò pọ̀ yẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni wàrà àwọn Fúlàní tí a dín. Ẹ má fi í pẹ̀lú ọbẹ̀ olóata. Ata àti ọtí, iná ni wọ́n ń dá fún ara wọn.

Ẹ tọ́jú ìgò sí ibi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù. Ẹ gbé e sínú fìríìjì ní bíi wákàtí mẹ́ta kí àlejò tó dé. Ìgò kan, sẹ̀ǹtílítà 75, tó ife kékeré mẹ́fà. Ọtí líle inú rẹ̀ sábà máa ń tó 13 nínú 100, ó le ju ẹmu tuntun lọ. Nítorí náà, aboyún, ọmọdé àti ẹni tí yóò wa ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ mu ún.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó kò bá tó, ẹmu tuntun láti oko ò dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìgò kan tí a tọ́jú dáadáa, tí a fi jẹ ẹja tó dùn, sàn ju àpótí tí a yá owó rà lọ.